Àlọ́ Nọ́ńbà Inú Ojú Odù Mẹ́rìndínlógún: Ohun tí Kọ̀ǹpútà Lè Tú àti Ohun tí Ó Kù Sọ́wọ́ Ìtàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwa onífá báyìí, pàápàá lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tó kàwé: pé Ifá ni bàbá kọ̀ǹpútà, pé ẹyọ àti èjì tí à ń tẹ̀ sójú ọpọ́n ni òyìnbó jí gbé lọ tó fi ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Àmọ́ láti 2005 tí UNESCO ti kéde Ifá fún gbogbo ayé, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008, àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ti pọ̀ ju ará ilé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ifá yangàn láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, ó yẹ kó mọ ibi tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kó sì mọ ibi tó parí sí.

Nítorí náà, a fẹ́ mú àlọ́ nọ́ńbà kékeré kan, irú èyí tí olùkọ́ kọ̀ǹpútà máa ń fún ọmọ iléèwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ká fi yẹ ètò ojú Odù mẹ́rìndínlógún wò, ká sì tọ ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe eré là ń ṣe o. Ètò àgbà Odù wọnú ìbò. Bí ètò náà bá yí, ìdáhùn tí oníbèéèrè máa gbé relé lè yí.

Irú àlọ́ tí à ń wí nìyí. Olùkọ́ á kọ nọ́ńbà mélòó kan sílẹ̀, ká ní 2, 4, 8, 16. Á ní kí ọmọ sọ èyí tó kàn, kó sì kọ ètò tí ẹ̀rọ á fi máa wá èyí tó kàn fúnra rẹ̀. Ọmọ á rí i pé ìlọ́po méjì ni. Á kọ ọ́ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa bá a lọ: 32, 64, 128, 256. Ó yẹ kí awo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, torí pé ilé wa náà la dé yìí. Ojú mẹ́rin tó wà ní apá kan ọ̀pẹ̀lẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé, ló fún wa ní 16. Ojú mẹ́jọ tó wà ní apá méjèèjì ló fún wa ní 256, ìyẹn ojú Odù 16 àti àmúlù 240.

Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ kò le. Ibi tó ti le ni ètò àwọn Odù fúnra wọn.

Gbogbo babaláwo ló mọ̀ pé bí a bá gbá ikin tó ku ẹyọ kan lọ́wọ́, èjì là ń tẹ̀. Bó bá ku méjì, ẹyọ là ń tẹ̀. Ní ti ọ̀pẹ̀lẹ̀, èyí tó bá ṣí inú sókè ni ẹyọ, èyí tó bá dojú dé ni èjì. Ẹ jẹ́ ká fi 1 dúró fún ẹyọ, ká fi 0 dúró fún èjì. Ká wá fún ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iye láti òkè wá sísàlẹ̀, 8, 4, 2, 1, bí àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń ṣe. Ogbè tó jẹ́ ẹyọ mẹ́rin gbáko á di 8 + 4 + 2 + 1, ìyẹn 15. Ọ̀yẹ̀kú tó jẹ́ èjì mẹ́rin á di 0. Ìwòrì tí ẹyọ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín á di 6. Òdí tí tirẹ̀ wà lókè pátápátá àti nísàlẹ̀ pátápátá á di 9.

Bí a bá wá tò wọ́n bí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ti ń kà wọ́n, Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí, Ìrosùn, Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀bàrà, Ọ̀kànràn, Ògúndá, Ọ̀sá, Ìká, Òtúúrúpọ̀n, Òtúrá, Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́, Òfún, ohun tí a ó rí nìyí:

15, 0, 6, 9, 12, 3, 8, 1, 14, 7, 4, 2, 11, 13, 10, 5

Ẹ gbé e fún ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú, kó sọ ìlànà tó wà nídìí rẹ̀. Á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń gòkè, kò gòkè. Á wò ó bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sọ̀. Á yọ èyí tó ṣáájú kúrò nínú èyí tó tẹ̀lé e. Kò ní rí nǹkan kan tó bára mu. Bóyá á tiẹ̀ ní ó dà bí ìgbà téèyàn fọ́n àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ, pé kò sí ìlànà kankan níbẹ̀, pé àwọn baba wa kàn há a sórí bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń kà á ló fa ìdààmú rẹ̀. Ẹ ní kó kà á ní méjì-méjì: 15 àti 0, 6 àti 9, 12 àti 3, 8 àti 1, 14 àti 7, 4 àti 2, 11 àti 13, 10 àti 5.

Á tètè rí nǹkan. 15 àti 0 jẹ́ 15. 6 àti 9 jẹ́ 15. 12 àti 3 jẹ́ 15. Ìyẹn ni pé níbi tí ọ̀kan ti tẹ ẹyọ, èkejì tẹ èjì, láìku ẹyọ kan. Ọmọ á hó yèè pé òun ti mú un. Kó má tíì yọ̀ o. 8 àti 1 jẹ́ 9. 14 àti 7 jẹ́ 21. 4 àti 2 jẹ́ 6. 11 àti 13 jẹ́ 24. Ìgbà tó bá dórí Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún nìkan ni 15 tún tó padà yọjú. Ìlànà tó bá mú mẹ́rin tó sì jù mẹ́rin sílẹ̀ kì í ṣe ìlànà.

Kó gbàgbé nọ́ńbà náà fún ìṣẹ́jú kan, kó wo ojú ọpọ́n. Ọ̀bàrà ní ẹyọ lókè, èjì mẹ́ta nísàlẹ̀. Bí ẹ bá lọ dúró sí òdìkejì ọpọ́n, níbi tí oníbèéèrè jókòó sí, tí ẹ wo Ọ̀bàrà láti ibẹ̀, kí lẹ máa rí? Ọ̀kànràn ni. Ògúndá láti òdìkejì, Ọ̀sá ni. Ìká láti òdìkejì, Òtúúrúpọ̀n ni. Òtúrá á di Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ á di Òfún, Ìrosùn náà á di Ọ̀wọ́nrín. Méjì-méjì mẹ́fà gbáko nìyẹn, kò sí èyí tó yẹ̀. Ó wá ku mẹ́rin tó jẹ́ pé bí ẹ bá dorí wọn kodò, bákan náà ni wọ́n ṣe máa rí: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí. Àwọn wọ̀nyí ò lè fi ìyípadà wá èkejì wọn. Àwọn nìkan la wá fún ní ìlànà kejì, pé kí ẹyọ di èjì, kí èjì di ẹyọ. Ogbè bá di Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì bá di Òdí.

Ìlànà náà pé báyìí: dorí Odù kodò, bí kò bá yí padà, pààrọ̀ ẹyọ àti èjì rẹ̀. Èdè BASIC, tí John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣe ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà ní 1964 kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, gbà á ní ìlà mẹ́rin:

10 INPUT N
20 M = 8*(N MOD 2) + 4*(INT(N/2) MOD 2) + 2*(INT(N/4) MOD 2) + INT(N/8)
30 IF M = N THEN M = 15 - N
40 PRINT M

Ìlà àkọ́kọ́ ń béèrè nọ́ńbà Odù. Èkejì ń mú ojú ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń mú tòkè wá sísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ń wò ó bóyá nǹkan kan yí. Bí kò bá yí, ó yọ ọ́ kúrò nínú 15, èyí tí í ṣe pípààrọ̀ ẹyọ àti èjì. Ẹ fún un ní 8 tí í ṣe Ọ̀bàrà, á dá 1 padà, Ọ̀kànràn nìyẹn. Ẹ fún un ní 6 tí í ṣe Ìwòrì, á dá 9 padà. Ẹ fún un ní 9, á dá 6 padà. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú méjì, èkejì ló máa dá yín lóhùn.

Ṣé kì í ṣe èèṣì? Ìyẹn náà ṣeé kà. Bí èèyàn bá fẹ́ so nǹkan 16 pọ̀ ní méjì-méjì bó ṣe wù ú, ọ̀nà tó lè gbà so wọ́n jẹ́ 15 lọ́nà 13 lọ́nà 11 lọ́nà 9 lọ́nà 7 lọ́nà 5 lọ́nà 3, èyí tó jẹ́ 2,027,025. Ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn ló bá ìlànà yìí mu délẹ̀, òun sì ni àwọn baba wa ń kà. Àwa ò rò pé èèṣì lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó to Odù mọ̀ ohun tó ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìtàn yìí wá kan ilẹ̀ Ṣáínà, ibẹ̀ ló sì ti dùn jù. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìwé ìwádìí àtayébáyé tí wọ́n ń pè ní I Ching. Ìlà mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ti ń lo ojú mẹ́rin, ìlà kọ̀ọ̀kan lè pé, ó sì lè já láàárín, wọ́n wá ní àmì 64. Ètò ìwé náà, tí wọ́n fi orúkọ Ọba Wen pè, méjì-méjì ló ń lọ, ìlànà rẹ̀ sì ni pé kí a dorí àmì kodò. Bí kò bá yí padà, kí a pààrọ̀ gbogbo ìlà rẹ̀. Ìlànà tiwa gan-an nìyẹn. Tiwọn mú méjì-méjì 28 wá nípa ìyípadà, 4 nípa ìpààrọ̀. Tiwa mú 6 wá nípa ìyípadà, 2 nípa ìpààrọ̀. Ẹnì kan lè sáré sọ pé a jẹ́ pé a kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, tàbí pé wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Àwa kò rí ìdí fún un. Ẹni méjì tó bá jókòó ti ẹyọ àti èjì pẹ́ tó, láìrí ara wọn rí, lè bá ìlànà kan náà pàdé, torí pé inú àwọn àmì náà ló wà.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, Shao Yong, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà tó kú ní 1077, tún àmì 64 yìí tò lọ́nà mìíràn. Tiẹ̀ tẹ̀lé kíkà ni. Bí a bá fi 0 àti 1 rọ́pò ìlà rẹ̀, ó ń lọ tààrà láti 0 dé 63. Ètò yìí ló dé ọwọ́ Gottfried Wilhelm Leibniz, ọmọ Jámánì, ibẹ̀ sì ni gbogbo ariwo "wọ́n jí i gbé" ti yẹ kó dákẹ́. Leibniz ti ń kọ nípa ìṣirò tí ń lo 0 àti 1 nìkan láti 1679. Ọdún 1701 ni Joachim Bouvet, àlùfáà Jésúìtì ọmọ Faransé tó ń gbé ní Beijing, fi àwòrán àmì 64 náà ránṣẹ́ sí i. 1703 ló tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó yọ̀ púpọ̀, ó sì kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó lókìkí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris, níbi tó ti dárúkọ ilẹ̀ Ṣáínà ní gbangba. Ẹni tó ti ní ìṣirò lọ́wọ́ fún ogún ọdún ó lé kó tó rí àwòrán, a ò lè ní ó jí i nínú àwòrán.

A mọ̀ pé Ron Eglash, ọmọ Amẹ́ríkà, nínú ìwé rẹ̀ *African Fractals* tó jáde ní 1999, gbìyànjú láti so Leibniz mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà láti ọ̀dọ̀ Raymond Lull àti iṣẹ́ iyanrìn títẹ̀. Lóòótọ́ ni Leibniz ka Lull ní èwe rẹ̀, ìwé tó kọ ní 1666 jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n okùn tó so Lull mọ́ ìṣirò oní 0 àti 1 tẹ́ẹ́rẹ́ lójú tiwa. A ò ní gbé ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ.

Iyanrìn títẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí onífá lè fojú fò. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní ilm al-raml. Àmì 16 ni wọ́n ní, ojú mẹ́rin-mẹ́rin, ẹyọ tàbí èjì, àmì 16 kan náà tí àwa ń tẹ̀. Ó ti wọ ilẹ̀ Spéènì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, níbi tí Hugo ará Santalla ti túmọ̀ ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ sí èdè Látìnì. Ibn Khaldun sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú *Muqaddimah* ní 1377, kò sì yìn ín. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí tiwa. Onífá ń dá Odù, ó sì ń ki ẹsẹ rẹ̀. Onírámù ń tẹ àmì mẹ́rin, á wá máa ro wọ́n pọ̀ títí yóò fi di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ẹyọ àti ẹyọ á di èjì, ẹyọ àti èjì á di ẹyọ, èjì àti èjì á di èjì. Ìṣirò gidi nìyẹn, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà òde òní ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Àní ẹnì kan ti ṣe ẹ̀rọ onídẹ fún iṣẹ́ náà ní 1241 sí 1242, Muhammad ibn Khutlukh ará Mosul. Èèyàn á yí àwọn àgbá kéékèèké ojú rẹ̀, àmì á sì hàn. British Museum ní London ni ẹ̀rọ náà wà dòní. Bí a bá ń wá ìbátan kọ̀ǹpútà láàárín àwọn ọ̀nà ìwádìí, iyanrìn títẹ̀ sún mọ́ ọn jù wá lọ. Ẹ má bínú, bó ṣe rí nìyẹn.

Ní ti ètò tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé láti wá nọ́ńbà tó kàn, àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ jáde tó lókìkí ni ti Ada Lovelace, obìnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1843. Ó ń túmọ̀ ìwé Luigi Menabrea nípa ẹ̀rọ tí Charles Babbage ń gbèrò, ó wá fi àlàyé tirẹ̀ kún un. Nínú èyí tó gbẹ̀yìn ló ti fi hàn bí ẹ̀rọ náà ṣe máa wá àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ti Bernoulli ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Babbage ò parí ẹ̀rọ náà títí ó fi kú. Ètò wà kí ẹ̀rọ tó wà. Ìyẹn á yé ẹni tó mọ̀ pé Odù ti wà kí ọpọ́n tó wà.

Ó wá kù síbi tí àlọ́ wa kò tíì tú. Prógíráàmù ìlà mẹ́rin yẹn mọ èkejì Odù kọ̀ọ̀kan. Kò mọ èwo ló ṣáájú nínú méjèèjì. Kò sì mọ èwo ló yẹ kó ṣíwájú nínú méjì-méjì mẹ́jọ. Tí a bá di ìlànà yẹn mú ṣinṣin, ètò tó ṣì lè jáde jẹ́ 40,320 lọ́nà 256, ìyẹn 10,321,920. Gbogbo wọn ló pé ní ti ìṣirò. Ẹ̀rọ ò ní ìdí kankan láti fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ. Ohun tó yan ọ̀kan fún wa ni ìtàn: ìtàn bí Odù ṣe dé ilé ayé, ẹni tó dàgbà, ẹni tó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. A máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé Òfún ti ṣe olórí rí kó tó wá wà lẹ́yìn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú 5, kò sí nínú 15.

Ìtàn náà kò sì jẹ́ ọ̀kan níbi gbogbo. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ *Ifa Divination* tó jáde ní 1969 pé ètò Ifẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìlú. Ní Ifẹ̀, Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn ṣáájú Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín. Lẹ́yìn Ọ̀sá, Ìrẹtẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà Òtúrá, Òtúúrúpọ̀n, Ìká. Nínú nọ́ńbà, ó di báyìí:

15, 0, 6, 9, 8, 1, 12, 3, 14, 7, 13, 11, 2, 4, 10, 5

Ẹ wá fi prógíráàmù wa yẹ̀ ẹ́ wò. Méjì-méjì mẹ́jọ kan náà ló jáde. Ifẹ̀ kò tú ìkankan nínú wọn ká. Ipò wọn nìkan ló pààrọ̀, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì yí ipò nínú méjì. Ti Cuba àti ti àwọn ará Fọ̀n ní Benin, tí wọ́n ń pe Ifá ní Fá, bá ti ọ̀pọ̀ ìlú wa mu láti orí Ogbè dé Òfún. Èyí ló jẹ́ ká gbà pé síso Odù pọ̀ ní méjì-méjì ni ìpìlẹ̀ tó dàgbà jù, pé ètò àgbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń kà ni wọ́n gbé lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ ìbò la wá fẹ́ fi tẹ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe Ifá sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù létí. Ká ní a fi ìbò méjì lé oníbèéèrè lọ́wọ́. A dá Ifá fún ti ọwọ́ kan, Ìrosùn Méjì yọ. A dá fún ti ọwọ́ kejì, Ọ̀bàrà Méjì yọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń mú Odù tó dàgbà, babaláwo ìlú tí Ìrosùn ti jẹ́ àgbà á mú ọwọ́ àkọ́kọ́. Babaláwo tó ń tẹ̀lé ètò Ifẹ̀ tí Bascom kọ sílẹ̀ á mú èkejì. Oníbèéèrè kan náà, Odù kan náà, ìdáhùn méjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti kọ ètò kan ṣoṣo sí nínú á máa dá awo ìlú kejì lóhùn òdì, kò sì ní mọ̀. Èyí tó tún burú jù ni kí ọmọ tó mọ BASIC tàbí Python sọ pé òun fẹ́ tún un ṣe, kó to Odù láti 0 dé 15 bí Shao Yong ti to tirẹ̀. Ọ̀yẹ̀kú á di àkọ́kọ́, Ọ̀kànràn á tẹ̀lé e, Ogbè á di ìgbẹ̀yìn, ìbò ò sì ní ṣeé dì mọ́.

Ohun tí à ń bẹ̀ wọ́n fún kò pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá èkejì Odù, torí pé ìyẹn bára mu níbi gbogbo tí a dárúkọ. Àmọ́ kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ètò àgbà, kí awo fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti ìlú rẹ̀ sí i, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.